Yíyan Pọ́ǹpù Ìfín-Kòkó tí Agbára Ẹgbẹ́ Ká, àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Ìtapàjí-Èkìtì, ní Ìkọ́lé, ní Ọ̀yẹ́, ní Ìdó àti ní gbogbo apá àríwá Èkìtì, àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé yìí dá lórí ẹ̀rọ tí a fi ń fín oògùn sí kòkó, èyí tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní pọ́ǹpù. Ó ti pẹ́ tí a ti ń fín kòkó ní ilẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe tuntun. Ṣùgbọ́n láti 1986, nígbà tí ìjọba pa Ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ rẹ́, ọwọ́ àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ àti ọwọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rírà ohun èlò kù sí jù. Ọjà sì kún fún oríṣiríṣi pọ́ǹpù: èyí tí a fi ọwọ́ tẹ̀, èyí tí ó ní bátìrì, èyí tí ó ní ẹ́ńjìnnì. Àwọ̀ wọn ń dán, orúkọ tí a kọ sí wọn lára sì pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó yẹ kí òun wò lè fi owó ẹgbẹ́ ra ohun tí kò ní lo òjò ọdún kan já.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí ìdí tí a fi ń fín kòkó. Àrùn kòkó dúdú ni ọ̀tá wa ní ìgbà òjò. Ohun abẹ̀mí tín-ín-tín kan tí ó jọ olú, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phytophthora, ni ó ń fa àrùn yìí. Omi òjò ni ó fi ń rìn: ó ń ta láti ilẹ̀ sí ara èso, ó sì ń kán láti ara èso kan sí òmíràn. Àmì kékeré kan ni a ó kọ́kọ́ rí. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì yóò bá fi kọjá, gbogbo èso náà lè ti dúdú. Oògùn tí a fi bàbà ṣe kì í wo èso tí àrùn ti mú. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń bo èso tí ara rẹ̀ dá, bí ìgbà tí a bá da aṣọ bo ọmọ. Òjò a máa fọ aṣọ náà kúrò, èso a sì máa dàgbà ju aṣọ rẹ̀ lọ. Nítorí náà ni a ṣe ń wí pé kí ẹ máa já àwọn èso tí ó ti dúdú kúrò, kí ẹ sì máa fín oògùn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta láti ìgbà tí òjò bá ti múlẹ̀ títí yóò fi dá. Bí pọ́ǹpù bá wá bàjẹ́ ní Oṣù Keje, tí a sì fi ọ̀sẹ̀ méjì wá ohun tí a ó fi tún un ṣe, ìhòòhò ni kòkó wa yóò wà nínú òjò náà. Ohun tí ó sì máa ń ba pọ́ǹpù jẹ́ kì í sábà jẹ́ ohun ńlá. Wọ́ṣà kan tí kò tóbi ju ideri ìgò lọ ni.

OHUN TÍ Ó Ń TI OÒGÙN JÁDE

Ẹni tí ó bá ti fi pọ́ǹpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí ti mọ ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Bí ó ti ń tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ tí ó wà ní gbangba di èyí tí a há sí ibi tóóró, ó sì ń wá ọ̀nà àti jáde. Ipá tí ó fi ń wá ọ̀nà yìí ni géèjì ń wọ̀n. Nọ́ńbà tí ẹ ń rí lójú géèjì ni iye pọ́ùn tí afẹ́fẹ́ náà fi ń ti àyè tí ó fẹ̀ ní ínṣì kan tí ó sì gùn ní ínṣì kan. Táyà ọkọ̀ kékeré máa ń gba nǹkan bí 30 sí 35. Pọ́ǹpù ìfín tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ bí a ti ń rìn máa ń ṣiṣẹ́ láàárín 15 sí 45. Nínú pọ́ǹpù ìfín, orí oògùn ni afẹ́fẹ́ ti ń tẹ̀. Oògùn a gba inú họ́ọ̀sì àti ọ̀pá ìfín lọ sí ẹnu-ìfín, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní nọ́súlù, ihò tín-ín-tín tí ó wà níbẹ̀ a sì fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ bí ìrì.

Ẹ ṣe àkíyèsí pé kì í ṣe ipá tí ó pọ̀ jù ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ó dára jù. Bí ipá bá kéré, oògùn a máa kán tó-tó-tó, kì í tàn. Bí ó bá pọ̀ jù, oògùn a di ìkùukùu, atẹ́gùn a gbé e lọ sí ojú àti imú ẹni tí ń fín in, díẹ̀ sì ni yóò kan èso kòkó. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọlọ́jà ń yin pọ́ǹpù nítorí pé ó ń ké fíì bí a bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣe ra ariwo.

Oríṣi méjì ni a ń fi ọwọ́ lò. Èkíní ni èyí tí a ó tẹ̀ kún fún afẹ́fẹ́ ní ilẹ̀ kí a tó gbé e kọ́ èjìká. Àwọn tí ń fín oògùn ẹ̀fọn sí ara ògiri ilé ń lo irú rẹ̀. Wọ́n a tẹ̀ ẹ́ dé 55, wọ́n a sì tún un tẹ̀ nígbà tí ó bá ti wálẹ̀ sí 25. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó ń fẹ́ nígbà tí a bá ń fín in. Àléébù rẹ̀ ni pé ipá rẹ̀ ń dínkù bí oògùn ti ń jáde, ó sì ń dínkù ju bí ènìyàn ti lè rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní táǹkì gba lítà 10. A bu omi lítà 7 sí i, a fi àyè lítà 3 sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, a sì tẹ̀ ẹ́ títí géèjì fi dé 50. Nígbà tí a bá ti fín lítà 3 jáde, àyè tí afẹ́fẹ́ wà ti di lítà 6, ìyẹn ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́, kò sì sí ẹni tí ó fi afẹ́fẹ́ kún un. Ẹlòmíràn yóò rò pé géèjì yóò dúró lórí 25. Kò ní dúró níbẹ̀. Nǹkan bí 17 tàbí 18 ni yóò wà, nítorí pé afẹ́fẹ́ ayé tí ó yí wa ká ní ipá tirẹ̀ tí géèjì kì í kà, ìyẹn nǹkan bí 15, a sì gbọ́dọ̀ fi í kún un kí a tó pín in sí méjì. Èyí ni pé kí a tó fín ìdajì oògùn wa tán, ipá rẹ̀ ti wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Àgbẹ̀ tí ó ń wo orí igi yóò máa rò pé òun ń fín èso tí ó wà lókè, oògùn kò sì dé ibẹ̀ mọ́.

Oríṣi kejì ni èyí tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn bí ẹni pọn ọmọ, tí apá ìtẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọwọ́ kan ń tẹ̀ ẹ́ bí a ti ń rìn, ọwọ́ kejì di ọ̀pá ìfín mú. Táǹkì rẹ̀ kì í gba ipá rárá. Ìkòkò afẹ́fẹ́ kékeré kan ni ó wà nínú rẹ̀ tàbí lábẹ́ rẹ̀ tí ipá ń wà nínú rẹ̀. Nítorí pé a kò dáwọ́ ìtẹ̀ dúró, ipá rẹ̀ kì í sáré wálẹ̀. Ó ń rẹ apá, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fún àgbẹ̀ kékeré tí ó ní kòkó, òun ni mo yàn, fún ìdí méjì: ipá rẹ̀ dúró déédé títí oògùn yóò fi tán, bí táǹkì rẹ̀ bá sì sán díẹ̀, oògùn ni yóò jò, kò ní bú gbàmù mọ́ ènìyàn lẹ́yìn.

ÌKÌLỌ̀ LÓRÍ ẸRỌ TÍ Ń FẸ́ TÁYÀ

Àwọn kan nínú yín ti bi mí léèrè bóyá kò yá kí a máa gbé pọ́ǹpù oríṣi èkíní lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń lẹ táyà, kí ẹ̀rọ wọn fẹ́ ẹ kún ní ìṣẹ́jú kan, kí apá má baà máa ro wá. Ẹ má ṣe dán an wò. Afẹ́fẹ́ inú àgbá ẹ̀rọ wọn lè ju 100 lọ lójú géèjì. Táǹkì pọ́ǹpù ìfín kò sì lágbára tó láti gbà á. Bí ó bá bú, kì í ṣe ike rẹ̀ nìkan ni yóò fò, oògùn inú rẹ̀ pẹ̀lú yóò bo ẹni tí ó wà nítòsí láti orí dé ẹsẹ̀. Apá tí ó ń ro ni ó ń dá yín dúró kí ẹ má baà tẹ̀ ẹ́ kọjá ààlà. Ẹ̀rọ kì í ní apá tí ń ro ó.

Bákan náà ni àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń fẹ́ fi ìbọn afẹ́fẹ́ lé ọ̀kẹ́rẹ́ àti eku kúrò lára kòkó ti ń bèèrè nípa ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń há afẹ́fẹ́ sínú irú ìbọn bẹ́ẹ̀, pé ṣé ẹgbẹ́ kò lè ra ọ̀kan kí ó máa ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ipá ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè dé 300 báà, ìyẹn ju 4,300 lọ lójú géèjì tí a ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sí táǹkì, họ́ọ̀sì tàbí táyà kan ní oko wa tí a ṣe láti gba ipá yẹn. Ó tún ń fẹ́ asẹ́ tí yóò gba omi inú afẹ́fẹ́ dúró, nítorí pé omi yìí ni ó ń dípẹtà nínú àgbá ìbọn. Wọ́ṣà rẹ̀ sì ń tètè jóná bí a kò bá fún un ní ìsinmi. Ẹ̀rọ náà kò bá iṣẹ́ wa mu. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, Òfin Ìbọn ti 1959 ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn ìbọn tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kí ó tó ní i. Pàkúté àti gígé igbó etí oko yóò ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí ọ̀kẹ́rẹ́ àti eku ní owó tí ó kéré sí èyí.

BÍ Ẹ BÁ DÉ ỌJÀ

Ẹ má ṣe ra pọ́ǹpù tí ẹ kò rí omi nínú rẹ̀. Kí àwọn tí ẹgbẹ́ rán níṣẹ́ gbé korobá omi mímọ́ dání, kí wọ́n sì ní aago lọ́wọ́. Ọlọ́jà tí kò bá gbà kí a dán ọjà rẹ̀ wò ti fi ohun kan hàn wá nípa ọjà náà.

Ẹ bu omi lítà 5 sí i, kí ẹ pa ìdérí rẹ̀ dé, kí ẹ sì dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ bóyá ìdérí ń jò, nítorí pé ohun tí ó bá jò níbẹ̀, ẹ̀yìn yín ni yóò ṣàn sí. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ láìjẹ́ kí omi jáde. Ó yẹ kí ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n lára pé ó ń le sí i. Bí ó bá rọ̀ lọ́wọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ pẹ́, wọ́ṣà tàbí fáàfù rẹ̀ kò dára. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ máa wo gbogbo ibi tí họ́ọ̀sì ti so mọ́ táǹkì àti mọ́ ọ̀pá. Ẹ wá jẹ́ kí omi jáde, ẹ wò ó bóyá ó yí ká bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ bí agboòrùn, tàbí ó ń jáde ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ dá a dúró. Bí omi bá ṣì ń kán lẹ́yìn tí ẹ ti dá a dúró, oògùn yín ni yóò máa kán bẹ́ẹ̀ láti igi dé igi.

Nípa ohun tí a fi ṣe é, ike tí ó nípọn dára fún táǹkì, idẹ sì dára fún ọ̀pá àti ẹnu-ìfín. Bàbà tí ó wà nínú oògùn àti irin kì í gbé pọ̀; oògùn a máa jẹ irin lára títí yóò fi lu. Ìdí kan náà ni a ṣe ń wí pé kí ẹ má ṣe po oògùn bàbà nínú garawa páànù. Bí ẹ bá jogún pọ́ǹpù irin àtijọ́ lọ́wọ́ bàbá yín, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ kún kí ẹ tó mọ bí inú rẹ̀ ti rí. Púpọ̀ nínú wọn ni a ti fi fín Gammalin 20 ní ayé ọjọ́un. Lindane tí ó wà nínú oògùn yẹn wà lára àwọn tí Àdéhùn Stockholm fi òfin dè káàkiri ayé ní 2009. Ẹ kúkú fi irú pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ wo okùn ìgbékọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Pọ́ǹpù lítà 15 tí ó kún kò jìnnà sí kílò 20, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àpò sìmẹ́ńtì. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yóò gé ènìyàn ní èjìká kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹni tí èjìká ń ro yóò sì máa sáré kúrò nídìí igi tí kò tíì fín tán. Ọ̀pá ìfín tí a lè fi òmíràn gùn ún dára gidigidi níbi tí kòkó ti ga.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ni mo fi sí ẹ̀yìn: ẹ bèèrè owó wọ́ṣà kí ẹ tó bèèrè owó pọ́ǹpù. Ẹ bèèrè bóyá wọ́ṣà, fáàfù, họ́ọ̀sì àti ẹnu-ìfín irú rẹ̀ wà fún títà ní Ìkọ́lé tàbí ní Adó, kí ẹ sì fi ojú yín rí wọn. Pọ́ǹpù tí ó dára ṣùgbọ́n tí a kò lè rí wọ́ṣà rẹ̀ rà yóò di ohun tí adìẹ ń yé ẹyin sí nínú. Ó tún dára kí gbogbo ẹgbẹ́ tí ó wà nítòsí ara wọn ra oríṣi kan náà, nítorí pé nígbà tí ọ̀kan bá kú pátápátá, ara rẹ̀ ni a ó ti máa yọ ohun tí a ó fi tún àwọn yòókù ṣe.

Nípa èyí tí ó ní bátìrì, ó dẹ apá lára púpọ̀, kò sì burú. Ṣùgbọ́n níbi tí iná mọ̀nàmọ́ná kò bá dé déédé, ẹ ronú ibi tí ẹ ó ti máa fún bátìrì ní iná ní ọjọ́ tí ó kù díẹ̀ kí òjò rọ̀. Èyí tí ó ní ẹ́ńjìnnì yá, ó sì ń dé orí igi gíga, ṣùgbọ́n ó ń mu epo, ó ń fẹ́ ẹni tí ó mọ ẹ́ńjìnnì, ó sì wúwo. Ẹgbẹ́ tí oko rẹ̀ pọ̀ gan-an nìkan ni kí ó gbé e yẹ̀ wò.

PỌ́ǸPÙ MÉLÒÓ NI Ó TÓ WA?

Ohun tí ẹgbẹ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n a ra iye tí owó wọn bá ká, wọ́n a sì máa jà nígbà tí òjò bá dé. Ó sàn kí a kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀. Ẹ bu omi lásán sínú pọ́ǹpù, kí ẹ fi fín igi kòkó 20 bí ìgbà tí ẹ bá ń fín oògùn gan-an, kí ẹ sì wọn iye omi tí ó lọ. Ká ní lítà 4 ni ó lọ. Níbi tí a gbin kòkó ní mítà 3 sí ara wọn, igi 1,111 ni ó wà lórí hẹ́kítà kan. Igi kọ̀ọ̀kan ń gba ìdá kan nínú márùn-ún lítà, hẹ́kítà kan yóò sì gba nǹkan bí lítà 222. Èyí jẹ́ pọ́ǹpù lítà 15 ní ìgbà 15. Bí ènìyàn kan bá ń lo ìṣẹ́jú 25 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú pípọn omi, iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà àti ju bẹ́ẹ̀ lọ ni, ìyẹn ọjọ́ kan gbáko.

Nísinsìnyí, ká ní ọmọ ẹgbẹ́ 12 ni wọ́n, tí olúkúlùkù ní hẹ́kítà kan. Ọjọ́ 21 ni ó wà nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí a bá yọ ọjọ́ ìsinmi 3, ó ku 18. Bí òjò bá sì gba 6 lọ́wọ́ wa, ó ku 12. Pọ́ǹpù kan yóò kárí wọn gẹ́lẹ́, láìsí ọjọ́ kan tí ó ṣẹ́kù. Nítorí náà, ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ra méjì, tàbí kí ó ra ọ̀kan pẹ̀lú àpótí wọ́ṣà àti fáàfù tí ó kún. Èyí tí ó burú ni kí a ra ọ̀kan láìní àpótí. Kí ẹ fi nọ́ńbà oko tiyín rọ́pò èyí tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìpàdé.

WỌ́ṢÀ

Mo ní láti jẹ́wọ́ ohun kan fún yín níhìn-ín. Ní ọdún kejì lẹ́yìn tí mo jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbẹ̀, mo bá ẹgbẹ́ kan ṣe ìpàdé ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n tú gbogbo pọ́ǹpù wọn palẹ̀, kí wọ́n sì fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì pa wọ́ṣà inú rẹ̀. Ohun tí a kọ́ mi nìyẹn, pọ́ǹpù tí a sì fi kọ́ mi, awọ ni wọ́ṣà rẹ̀. Èmi kò yẹ tiwọn wò. Rọ́bà ni tiwọn. Kí oṣù tó pé, rọ́bà náà ti mu ọ́ìlì, ó ti wú, ó sì há mọ́ inú pọ́ǹpù. Nígbà tí wọ́n fi agbára tẹ̀ ẹ́, ó ya. Pọ́ǹpù mẹ́ta ni ó dákẹ́ ní Oṣù Keje. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó rí wọ́ṣà tí ó bá wọn mu. Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ náà kò bú mi. Ó kó èso kòkó dúdú mẹ́rin síwájú mi, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé bí ìwé rẹ ti wí náà rè é?”

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ mọ irú wọ́ṣà tí ẹ ní. Bí ó bá jẹ́ awọ, omi àti ọ̀gbẹlẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ fi òróró rẹ ẹ́ títí yóò fi rọ̀. Òróró ẹ̀pà yóò ṣe é, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú kò ní pa á lára. Awọ tí ó ti gbẹ tí ó sì le lè tún rọ̀ bí a bá rẹ ẹ́ mọ́jú. Bí ó bá jẹ́ rọ́bà, ẹ jìnnà sí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kẹrosíìnì àti epo bẹntiróòlù. Gírísì tí ó bá pọ́ǹpù wá ni kí ẹ lò. Bí ẹ kò bá mọ èwo ni, ẹ tẹ etí rẹ̀ po láàárín ìka méjì: rọ́bà yóò ta padà lójú kan náà, awọ yóò lọ́ra.

Nígbà tí ẹ bá ń dá wọ́ṣà padà, ẹ má ṣe fi agbára tì í wọlé. Ẹ yí i díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń wọlé, kí etí rẹ̀ má baà ká. Etí tí ó ká ni afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, àgbẹ̀ a sì máa tẹ̀ títí ọwọ́ yóò fi bó.

LẸ́YÌN IṢẸ́ ÒÒJỌ́

Ẹ tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó ṣí ìdérí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí oògùn sùn mọ́jú nínú pọ́ǹpù, nítorí pé oògùn bàbà máa ń ròkè sí ìsàlẹ̀ táǹkì, ó sì ń dì mọ́ asẹ́ àti fáàfù. Ẹ fi omi díẹ̀díẹ̀ ṣàn án ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kì í ṣe omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì jẹ́ kí omi náà gba họ́ọ̀sì àti ẹnu-ìfín jáde sí ara kòkó nínú oko. Ẹ má ṣe fọ̀ ọ́ nínú odò. Odò kékeré tí ó gba ẹ̀gbẹ́ oko kọjá ń ṣàn lọ sí ibìkan, ẹ̀yin ará Ìtapàjí sì mọ̀ pé omi tí a sé nínú ìsédò wa kì í ṣe fún ẹja nìkan.

Bí ẹnu-ìfín bá dí, koríko rírọ̀ ni kí ẹ fi ṣí i. Abẹ́rẹ́ àti ìṣó ń mú kí ihò rẹ̀ fẹ̀, ẹnu ènìyàn kò sì gbọdọ̀ kàn án rárá, bí ó ti wù kí iṣẹ́ yá tó. Omi tí ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ kí ó tó wọ táǹkì kì í sábà dí i. Nígbà tí ẹnu-ìfín bá ṣì wà ní titun, ẹ gbé agolo sí abẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ kọ iye omi tí ó jáde sílẹ̀. Ẹ máa dán an wò bẹ́ẹ̀ ní ọdọọdún. Bí ó bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé ti àkọ́kọ́, bí ẹni pé mìlílítà 600 di 660, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Owó ẹnu-ìfín kò tó owó oògùn tí ó ń fi ṣòfò.

Pọ́ǹpù tí a fi ń fín oògùn koríko kò gbọdọ̀ fín kòkó. Ẹ fi ọ̀dà pupa sàmì sí i, kí ẹ sì gbé e sí yàrá mìíràn.

Ní Oṣù Kọkànlá tàbí Oṣù Kejìlá, nígbà tí òjò bá ti dá, ẹ tú pọ́ǹpù palẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ ní abẹ́ òjìji, kì í ṣe nínú oòrùn tí ń mú ike sán. Ẹ yọ wọ́ṣà, ẹ fi ohun tí ó bá a mu pa á, ẹ sì fi í sínú agolo tí eku kò lè wọ̀. Ẹ dorí táǹkì kodò láìpa ìdérí rẹ̀ dé. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ìwé kan tí yóò máa kọ ọjọ́ tí a gbé pọ́ǹpù jáde sí, ẹni tí ó gbé e, bí ó ti rí nígbà tí ó dá a padà, àti ọjọ́ tí a pààrọ̀ wọ́ṣà. Ní Oṣù Kẹrin, kí òjò tó múlẹ̀, ẹ kó gbogbo wọn jáde, ẹ bu omi lásán sí wọn, kí ẹ sì dán wọn wò bí ẹ ti dán wọn wò ní ọjọ́ tí ẹ rà wọ́n. Èyí tí kò bá yege ní Oṣù Kẹrin, àyè ṣì wà láti wá wọ́ṣà rẹ̀.